Ẹni Tó Juwọ́ Sí Mi

Mo wà ní ọ́fíìsì wa ní Òṣogbo lọ́jọ́ tí í-meèlì náà wọlé, mo ń ṣàtúnṣe ìwé kan tí ọ̀gá mi fẹ́ fọwọ́ sí. Fóònù mi gbọ̀n lórí tábìlì, mo sì yọjú wò ó. Ìkànnì kan tí tọmọdé tàgbà ti ń bá ọ̀rẹ́ wọn pàdé ló kọ̀wé sí mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì gùn. Orúkọ àbúrò mi ọkùnrin ló ṣíwájú, wọ́n wá ní ó juwọ́ sí mi.

Lórí ìkànnì náà, àwòrán ọwọ́ kékeré kan wà tí èèyàn lè tẹ̀ bó bá fẹ́ kí ẹlòmíràn láìsọ̀rọ̀. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ìkànnì náà yóò fi tó ẹni náà létí pé o juwọ́ sí i. Ohun kékeré ni. Àwọn ọ̀dọ́ kì í tilẹ̀ kà á sí. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ọdún kẹrin tí a ti gbúròó àbúrò mi kẹ́yìn.

Èmi ni mo tẹ̀lé Màmá wa nínú títọ́ rẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n bí wa sí, oko kòkó àti obì ni bàbá wa ń ṣe. Nígbà tí Màmá kú, àbúrò mi ò tíì jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì mú un wá sọ́dọ̀ mi ní Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo, ní agboolé ọkọ mi. Ibẹ̀ ló ti ka ìwé rẹ̀ parí. Ó wá iṣẹ́ títí, kò rí. Ó padà sí Ìmẹ̀sí-Ilé lọ bá Bàbá ṣoko, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ló bá tẹ̀lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan, wọ́n ní Líbíà làwọn ń lọ, àwọn ó sì gba ibẹ̀ sọdá òkun. Ó pè mí láti ìlú kan ní etí aṣálẹ̀, lókè Sókótó lọ́hùn-ún. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Ẹ bá mi bẹ Bàbá." Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohùn mọ́.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀ lórí fóònù mi lọ́jọ́ yẹn, mo gbé bírò sílẹ̀, mo sì di tábìlì mú. Ìlà aláwọ̀ búlúù kan wà nísàlẹ̀ lẹ́tà náà, wọ́n ní kí n tẹ ibẹ̀ kí n lè juwọ́ padà sí i. Ọwọ́ mi ti fẹ́ẹ̀ débẹ̀ kí n tó fà á sẹ́yìn. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ìkànnì náà ló kọ̀wé sí òun, kò mọ̀ pé àwọn olè ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba ojú ewé rẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ bá àwọn ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. N ò tẹ̀ ẹ́. Mo fi fóònù sínú báàgì, mo sì ń ṣiṣẹ́ tí n ò mọ ohun tí mo ń ṣe.

Káfíńtà ni ọkọ mi, iwájú agboolé wọn ló ti ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Nígbà tí mo délé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, ó ti kí ìrun Alaasari.

Mo ní, "Bàbá wọn, ẹ wo nǹkan tó wọlé sí mi."

Ó gbé pákó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sílẹ̀, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á. Ó tún un kà.

"O ti tẹ̀ ẹ́?"

"N ò tíì tẹ̀ ẹ́."

"O ṣeun. Má tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ ká wò ó ná."

A jókòó sórí bẹ́ńṣì tó ti ń fá pákó, a yẹ lẹ́tà náà wò bí ẹní ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. A kọ́kọ́ wo àdírẹ́sì ẹni tó fi ránṣẹ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí mo ti gbọ́ pé àwọn olè máa ń fi òdo rọ́pò ọ̀kan nínú àwọn álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ojú ò sì ní tètè rí i. Mo wá lẹ́tà àtijọ́ kan jáde tí ìkànnì yẹn ti kọ sí mi rí, a fi méjèèjì wéra. Kò sí ìyàtọ̀. Wọn ò sọ pé kí n mú pásíwọ́ọ̀dù mi wá. Wọn ò sì dẹ́rù bà mí pé wọ́n fẹ́ ti ojú ewé mi pa.

Lẹ́yìn náà mo pa lẹ́tà náà dé, mo sì gba ọ̀nà tí mo máa ń gbà wọ ìkànnì náà fúnra mi. Ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń fi gbogbo í-meèlì tí àwọn alára fi ránṣẹ́ síni hàn, kí èèyàn lè mọ èyí tó jẹ́ tiwọn. Ó wà níbẹ̀. Mo ṣí àpótí ọ̀rọ̀ mi. Àwòrán àbúrò mi wà lókè, èyí tó yà pẹ̀lú fìlà dúdú. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọwọ́ kékeré náà wà, ó là sílẹ̀.

"Lẹ́tà náà kò parọ́," mo sọ fún ọkọ mi.

Ó ní, "Lẹ́tà ò parọ́. Ẹni tó rán an níṣẹ́ ni a ò tíì mọ̀."

Mo gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti lọ. Ní ọjọ́ kejì kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo kó àpò ìrẹsì àti agbada kúrò nínú yàrá tí àbúrò mi máa ń sùn. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sóòrùn.

Mo ti kọ̀wé sí i kí n tó ṣe ìyẹn. Mo ní, "Ṣé ìwọ ni?" Nígbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ ọkọ mi, mo fi ìbéèrè kan kún un: "Níbo lo ti gba àpá orúnkún rẹ?" Èmi àti àbúrò mi nìkan ló mọ èsì rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ó gbé ọ̀kadà aládùúgbò kan láìgbàṣẹ, ó sì ṣubú ní ọ̀nà oko. Èmi ni mo fi omi iyọ̀ wẹ ojú egbò náà. Àwa méjèèjì la jọ sọ fún Màmá àti Bàbá pé orí igi obì ló ti já bọ́. Títí Màmá fi kú, igi obì ló mọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àmì kékeré kan yọ lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, èyí tó máa ń fi hàn pé ẹni tí a kọ̀wé sí ti kà á. Mo dúró. Kò sí èsì. Ní ọjọ́ kẹta mo tún rí i pé àmì aláwọ̀ ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán rẹ̀, èyí tó ń fi hàn pé ẹnì kan wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Mo tún kọ̀wé. Mo ní, "Bó bá jẹ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀ sí ọ, kò sẹ́ni tó ń bínú sí ọ nílé. Ṣáà sọ̀rọ̀." Ẹni náà kà á. Kò dáhùn. Àmì aláwọ̀ ewé náà kú.

N ò pe bàbá mi. Mo rò ó, mo sì pinnu pé n kò ní pè é. Ó ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, ó sì ti sunkún tó. Mo ní kí n má fún un ní ìrètí asán. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, màá wọ mọ́tò lọ sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ìrètí mi di ìbínú. Ọkọ mi ṣàlàyé fún mi pé bí èèyàn ò bá lo nọ́ńbà kan pẹ́, ilé iṣẹ́ tó ni ín lè tà á fún ẹlòmíràn.

Ó ní, "Ẹni tó ra nọ́ńbà rẹ̀ ló ti rọ́nà wọ àkáǹtì rẹ̀. O bi í léèrè ohun tí kò mọ̀, ló fi dákẹ́. Ìyá wọn, mo mọ̀ pé ó dùn ọ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ ẹni yẹn máa fi ojú ọmọ yìí lu àwọn èèyàn ní jìbìtì."

Gbogbo ohun tí wọ́n máa ń sọ pé olè máa ń ṣe ló ṣe. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ sun àwọn oníkànnì, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé olè ti gba àkáǹtì àbúrò mi. Ọkọ mi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ àwọn ará ọ́fíìsì wa, àwọn náà ṣe é. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí wọ́n fi tì í pa. Àwòrán tó ti dé fìlà dúdú kúrò níbẹ̀, ojú eérú lásán ló kù. Mo lérò pé mo ti dáàbò bo orúkọ rẹ̀. Mo dá àpò ìrẹsì padà sí yàrá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Bàbá pè mí. Kì í sábà pè, èmi ni mo máa ń pè é.

"Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Tiwa níbí kò fẹ́ ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Bàbá, a ṣáà ń gbọ́ra wa yìí."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó béèrè àwọn ọmọ, ó sì ní kí n kí ọkọ mi. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ń pè mí lọ́wọ́ ìgbà náà, mo gé ìpè.

Ìgbà tí wọ́n ń sá kòkó ni mo tó ráyè lọ sílé. Mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà, mo ra búrẹ́dì fún Bàbá níbẹ̀, mo sì wọ òmíràn lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo bá a níwájú ilé tó ń fi ẹsẹ̀ da kòkó síhìn-ín sọ́hùn-ún kó lè gbẹ dọ́gba. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi ń sọ láti ilẹ̀ wá, kò sì yí ahọ́n rẹ̀ padà nítorí pé mo ti di ará Òṣogbo. "Ulé" ni ó máa ń pe ilé, "ọma" ni ó máa ń pe ọmọ.

Nígbà tí mo mumi tán, ó wọlé, ó gbé fóònù kékeré kan tí n ò rí rí jáde nínú ọ̀rá.

"Ọma mi, ìwọ lo mọ̀wé. Bá mi wo nǹkan yìí. Kò ṣí mọ́."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ti fi ẹjọ́ àkáǹtì yìí sùn, àwọn sì ti tì í pa. Orúkọ àbúrò mi ló wà lókè. Mo jókòó sórí pèpéle ilé.

"Bàbá, fóònù ta lèyí?"

"Èyí tí àbúrò rẹ fi sílẹ̀ ti fọ́. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, pé bí òun bá mú fóònù tó dáa dání, wọ́n á já a gbà lọ́nà. Mo ń ra káàdì sí nọ́ńbà náà kí wọ́n má baà gbà á. Nígbà tó wá já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Iléṣà. Ó yọ síìmù rẹ̀ sínú èyí, ó sì bá mi ṣí ibi tí àbúrò rẹ ti ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà yà á lẹ́nu. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n jọ lọ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè ọma mi."

Ọkùnrin Iléṣà náà ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù, ó sì ti ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan dáhùn, ẹni tí wọ́n jọ wọ mọ́tò kan náà ní ọjọ́ tí wọ́n lọ. Bàbá mọ ohun tó kọ lórí. Ó ní, "Bàbá, ẹ fún mi lọ́jọ́ díẹ̀. Ẹnì kan wà tó máa mọ ibi tó wà. Màá kọ̀wé padà sí yín."

"Ó wá di pé kò ṣí mọ́," Bàbá ní.

Mo bi í bóyá òun ló juwọ́ sí mi. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i fún òun, òun rí àwòrán mi níbẹ̀, òun sì fọwọ́ kàn án. Òun ò mọ̀ pé nǹkan kan dé ọ̀dọ̀ mi àfìgbà tí òun rí ìwé mi.

"Ẹ rí ohun tí mo kọ?"

"Mo rí i."

"Kí ló dé tí ẹ ò dáhùn, Bàbá?"

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa hóró kòkó dúdú kan kúrò láàárín àwọn yòókù, ó jù ú nù.

"O bi mí pé, 'Ṣé ìwọ ni?' Mo mọ ẹni tó o rò pé ó jẹ́. Bí mo bá ní òun kọ́, bàbá rẹ ni, mo mọ bó ṣe máa rí lára rẹ. Mo ní kí n dúró ná kí n gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó lè jẹ́ pé ohun gidi ni màá bá ọ sọ." Ó tún fi ẹsẹ̀ da kòkó. "Èyí tó o béèrè nípa orúnkún, mo mọ̀ ọ́n. Orí igi obì ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀, o máa rò pé òun ló dáhùn."

N ò sọ fún un pé kì í ṣe igi obì. Mo sọ fún un pé èmi ni mo ní kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa, èmi àti ọkọ mi àti àwọn ará ọ́fíìsì wa, a rò pé olè ni. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ bó ṣe rí. Bàbá gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó lójú.

"O ò mọ̀," ló wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé wọ́n lè ṣí i padà?"

A gbìyànjú rẹ̀ lójú kan náà. Ìkànnì náà ní kí ẹni tó ni àkáǹtì gbé fóònù síwájú ojú rẹ̀, kó yíjú sọ́tùn-ún, kó yíjú sósì, kí àwọn lè dá a mọ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Bàbá. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó nu ojú rẹ̀.

"Gbogbo èèyàn ló ní a jọra," ó ní. "Bá mi gbé e."

Mo fẹ́ sọ pé kò lè ṣeé ṣe, n ò lè sọ ọ́. Mo gbé fóònù náà síwájú ojú rẹ̀. Bàbá mi yíjú sọ́tùn-ún, ó yíjú sósì, kò sì ṣẹ́jú. Wọ́n ní kì í ṣe òun. Ó ní ká tún un ṣe, bóyá oòrùn ni kò jẹ́ kí wọ́n ríran. A bọ́ sábẹ́ òjìji, a tún un ṣe. Wọ́n tún ní kì í ṣe òun. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó sì lọ dúró ti kòkó rẹ̀.

Bí mo ṣe ń padà lọ, mo yà ní Iléṣà, mo bá ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe. Ó kẹ́dùn, ó ní òun ò rí nǹkan ṣe sí i, nítorí inú àkáǹtì tí wọ́n tì pa náà ni ọ̀rọ̀ gbogbo wà. Bàbá ò mọ orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn gan-an, ìnagijẹ tó ń jẹ́ lórí ìkànnì nìkan ló rántí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló sì ń jẹ́ ẹ. Ohun kan tó tún mọ̀ ni pé ẹni náà dúró ti ògiri funfun nínú àwòrán rẹ̀. Mo fi ojú ewé tèmi kọ̀wé sí gbogbo ẹni tí mo rí tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ò kà á. Ẹnì kan ní òun kò kúrò ní Ìlọrin rí láyé òun. Mo lọ bá ìyá ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ lọ, òun náà ń sunkún ọmọ tirẹ̀.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe pé mo ṣọ́ra. Bó bá tún dé, màá tún ṣọ́ra. Mo wo àdírẹ́sì, mo wo ìlà aláwọ̀ búlúù, mo fi lẹ́tà wé lẹ́tà, mo sì mọ̀ dájú pé òótọ́ ni. Nígbà tí mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tán, n ò bi ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kí n bi, tó jẹ́ pé ìpè kan ni mo nílò. Mo ní n ò fẹ́ kó sunkún lásán. Òun náà ní òun ò fẹ́ kí n sunkún lásán. A wá jókòó sí Òṣogbo àti Ìmẹ̀sí-Ilé, a ń ṣàánú ara wa, ọ̀nà tí ìròyìn ì bá gbà wọlé sì tì mọ́ wa lójú.

N ò mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ yẹn kọ̀wé padà. Ó lè jẹ́ pé ó kọ ọ́ ní ọjọ́ kejì tí wọ́n tì í. Ó lè jẹ́ pé kò kọ nǹkan kan. Ọkọ mi ní kí n má fi ìyẹn pa ara mi, pé Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀. Kò sọ ọ́ láti fi ṣẹ̀fẹ̀, òun náà kò lè wo ojú Bàbá dáadáa nígbà tí a jọ lọ kí i lẹ́yìn náà.

Ní oṣù tó kọjá, Bàbá ní kí n ṣí àkáǹtì fún òun, tí yóò máa jẹ́ orúkọ òun gan-an. Mo ya àwòrán rẹ̀ níwájú ilé, mo sì ṣí i fún un. Ó ti ń wá àwọn ẹlẹgbẹ́ àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí wọ́n jọ ka ìwé, àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo máa ń bá a ka ohun tó kọ kó tó fi ránṣẹ́. Ohun kan náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀: "Èmi ni bàbá rẹ̀." Ẹnì kan ti dáhùn, ó kí i, ó ní òun náà ń wá a. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún kọ̀wé sí ẹlòmíràn.